ÌRORA LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ ÌBÍMỌ, ÀTI OÒGÙN KÉKERÉ INÚ ABẸ́RẸ́ Ẹ̀YÌN

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ ẹgbẹ́ wa ní Wuye, Abuja

   

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wa ní ìsọ̀ pé kí a múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ òní, a bi í pé ṣé àwa tí a kò kọjá ìwé mẹ́fà ni yóò dúró níwájú àwọn lọ́yà àti ẹnjiníà. Ó ní ohun tí ojú wa ń rí lọ́jà ni òun fẹ́ kí a sọ. Ẹrù ọmọ ni a ń tà: ìlédìí, aṣọ ọmọ, fìlà, òjá, bẹ́síìnì, ọṣẹ àti ìpara. Aboyún a mú lísìtì tí ilé-ìwòsàn fún un wá, òwú, détọ́ọ̀lù, makintọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, páàdì. A ó kó o fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì gbàdúrà fún un kí ó tó lọ. Nínú gbogbo lísìtì tí ó ti gba ọwọ́ wa kọjá, a kò tíì rí ẹyọ kan tí ó sọ ohun tí wọn yóò fi gbógun ti ìrora ìyá ọmọ bí ó bá di pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ìpalẹ̀mọ́ ọmọ ni ó kún inú ìwé náà, kò sí ti ìyá. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

A kì í ṣe dókítà. Ohun tí a ó sọ, a ti bi àwọn nọ́ọ̀sì àti oníṣègùn tí wọ́n jẹ́ ọmọ wa léèrè títí ó fi yé wa. Ibi tí kò yé wa, a ní kí wọ́n tún un sọ bí ẹni ń sọ fún ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa yóò ṣe sọ ọ́ fún yín.

1. OHUN TÍ IṢẸ́ ABẸ Ń FI SÍLẸ̀

Bí ọmọ bá dábùú, bí ọ̀nà kò bá gba orí ọmọ, bí ibi ọmọ bá dí ọ̀nà, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá fẹ́ gba ẹ̀mí ìyá, iṣẹ́ abẹ ni ó ń gba àwọn méjèèjì là. Ìwádìí ìjọba lórí ìbímọ àti ìlera ti ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí ọmọ 3 péré nínú 100 ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí wọn ní Nàìjíríà. Èyí kéré púpọ̀. Àìlówó wà níbẹ̀, ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Obìnrin tí ó gbọ́ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ké láàárín òru lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí nígbà tí ó bá kan tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọkùnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún, a ó ní kí ó sùn, kí ẹnikẹ́ni má dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tí wọ́n la ikùn rẹ̀ láti orí awọ títí dé inú ilé-ọmọ, lọ́jọ́ kan náà ni a ń retí pé kí ó gbé ọmọ, kí ó fún un lọ́mú, kí ó sì dìde rìn. Bí ìrora bá mú un mọ́lẹ̀, kò ní lè húkọ́, kò ní lè jókòó tọ́ ọmọ lọ́mú dáradára, kò sì ní fẹ́ gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò rìn ni ẹ̀jẹ̀ ti lè dì nínú iṣan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì sì lè gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí ó pa ènìyàn. Àwọn oníṣègùn sọ fún wa pẹ̀lú pé ìrora tí a kò tọ́jú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè wà lára obìnrin fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Fún àwa tí a jẹ́ àtìpó ní Abuja, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé, ìyá ọkọ wà nítòsí, ìyá ìyàwó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Níhìn-ín, ọmọ lè ti dé ayé kí ìyá ọkọ ṣì wà nínú mọ́tò ní Lọ́kọ́ja. Ọkọ ti padà sí ẹnu iṣẹ́, ìyá ọmọ nìkan ni ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí kò bá lè gbé ara nílẹ̀, ta ni yóò gbé e?

2. KÍ NI À Ń PÈ NÍ ABẸ́RẸ́ Ẹ̀YÌN?

Ní ìgbà kan, oorun pátápátá ni wọ́n fi ń kun aboyún kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ August Bier ni ó kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ, ní ìlú Kiel, ní ọdún 1898.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn a ní kí ìyá jókòó kí ó tẹ̀ síwájú, tàbí kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ó ká jọ. Oníṣègùn akunnilóorun a fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún un ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, láàárín eegun méjì. Ibẹ̀ kò sí okùn ńlá tí ó ti inú ọpọlọ wá gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, òkè ni ìyẹn ti parí sí. Omi àti àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ni ó kù níbẹ̀. Inú omi yìí ni oògùn ń wọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láti abẹ́ ọmú títí dé ẹsẹ̀ a kú tipiri. Ìyá kò sùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, etí rẹ̀ sì ni yóò fi gbọ́ igbe àkọ́ké ọmọ rẹ̀.

Oògùn tí ó ń mú ara kú yìí, bupivacaine ni wọ́n sábà ń lò. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹsẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń jí, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ ń jí. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn ará ilé ti ṣọpẹ́ tán, tí oníṣègùn ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

3. OÒGÙN KÉKERÉ TÍ Ó Ń TÓ ỌJỌ́ KAN

Nínú abẹ́rẹ́ kan náà yìí, láìgún obìnrin ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n lè fi oògùn mìíràn tí ó kéré jọjọ kún ti àkọ́kọ́. Mọ́fíìnì ni orúkọ rẹ̀. Oje òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní opíọ́ọ̀mù ni wọ́n ti rí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí Sertürner, apòògùn ọmọ Jámánì, yọ ọ́ sọ́tọ̀. Láti ìgbà náà, inú iṣan tàbí ẹnu ni wọ́n ń gbà lò ó jù. Ní ọdún 1976 ni Yaksh àti Rudy ní Amẹ́ríkà fi han nínú ara eku pé bí a bá fi í sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ìrora a dákẹ́. Ní ọdún 1979, Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà kan náà, lò ó bẹ́ẹ̀ fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ, ó sì tù wọ́n lára. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí wọ́n ń lò fún àwọn ìyá ọmọ káàkiri ayé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ yé wa báyìí. Ìrora dà bí oníṣẹ́ tí ojú ọgbẹ́ rán sí ọpọlọ. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Mọ́fíìnì a lọ jókòó sí ẹnu bodè náà bí oníbodè, kò ní jẹ́ kí oníṣẹ́ náà kọjá wọ̀ọ́rọ̀wọ́. Nítorí pé ẹnu bodè gan-an ni wọ́n gbé e sí, kò nílò púpọ̀. Abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì tí wọ́n ń gún sí ìdí tàbí itan àgbàlagbà sábà máa ń tó mílígíráàmù 10. Èyí tí ń wọ inú ẹ̀yìn ìyá ọmọ kò ju mílígíráàmù 0.1 tàbí díẹ̀ lé e. Àwa ọlọ́jà mọ ìwọ̀n. Ẹ mú gààrí kóńgò kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni. Ìwọ̀n tí kò tó nǹkan yìí lè mú ìrora rọlẹ̀ fún wákàtí 12 títí dé 24.

Ìbátan rẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ fentanyl. Òun yára ju mọ́fíìnì lọ, ó sì ń jẹ́ kí ara ìyá tutù nígbà tí iṣẹ́ abẹ ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń tó. Àwọn kan ń lo ọ̀kan, àwọn mìíràn ń lo méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe rò pé mọ́fíìnì nìkan tó. Wọ́n máa ń fi parasitamọ́ọ̀lù àti diclofenac tàbí ibuprofen tì í lẹ́yìn, ní wákàtí tí a yàn, kí ó tó di pé agbára mọ́fíìnì tán.

4. OHUN TÍ A RÍ

Obìnrin kan wà tí a jọ ń pàtẹ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ní ilé-ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n kò sí mọ́fíìnì nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ti di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n gún un sí ìdí ní alẹ́, wọ́n ní ó di àárọ̀ kí wọ́n tó gún òmíràn. Ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè yí ara padà láti gbé e. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were, ṣùgbọ́n ara kò gbà fún un. Àwa ni a gbé ọmọ náà mọ́ ọn láyà ní òru náà. Títí ó fi kúrò níbẹ̀, bí ó bá fẹ́ húkọ́, omi ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ó lóyún kejì tí wọ́n sọ pé iṣẹ́ abẹ náà ni, ó ní òun kò lọ. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ilé-ìwòsàn mìíràn ni ó lọ, ọkọ rẹ̀ sì béèrè ọ̀rọ̀ ìrora ṣáájú. Wọ́n fi mọ́fíìnì sínú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a bá a ní ìjókòó, ọmọ wà lẹ́nu ọmú. Imú ló ń yún un, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n la òun níkùn, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ọgbẹ́ náà wà nínú yàrá kejì ni. Obìnrin kan náà ni, ara kan náà ni. Ohun tí wọ́n fi sínú abẹ́rẹ́, àti ọkọ tí ó béèrè ṣáájú, ni ìyàtọ̀.

5. ÀWỌN Ẹ̀RÙ TÍ Ń BÀ WÁ

Èkíní, àwọn ènìyàn ń sọ pé, "Ṣé kò ní di bárakú?" A mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá. Gbogbo wa ni a rí ohun tí kodíìnì àti tramadol fi ojú àwọn ọ̀dọ́ wa rí, títí ìjọba fi fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oníkodíìnì wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ọmọdékùnrin tí ń mu ìgò ikọ́ lábẹ́ bíríìjì lójoojúmọ́, àti ìyá ọmọ tí dókítà wọn ìwọ̀n kékeré fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ọ̀nà wọn jìn síra. Ẹ̀ẹ̀kan yìí kì í sọni di ẹrú oògùn.

Èkejì, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ń ba ẹ̀yìn jẹ́ títí ayé. Ojú ibi tí wọ́n gún lè dun ni fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn dídùn ọlọ́jọ́ pípẹ́, oyún àti gbígbé ọmọ ni ó sábà ń fà á. Ẹni tí wọn kò gún ní abẹ́rẹ́ rí ń ṣe é pẹ̀lú. Ohun tí abẹ́rẹ́ náà lè fà ni orí fífọ́ kan tí ń le bí ìyá bá dìde jókòó, tí ń rọlẹ̀ bí ó bá dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ sọ fún dókítà, ó ní ìtọ́jú. Kí iṣan bàjẹ́ títí láé ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Ẹ̀kẹta ni ti omi ọmú. Ìwọ̀n náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ń dé inú ọmú kò fi tó nǹkan. Kí ìyá fún ọmọ lọ́mú ní kíákíá, pàápàá omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó nípọn yẹn.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù. Nínú ìjọ, a máa ń gbàdúrà pé kí aboyún bí bí obìnrin Hébérù. Àmín. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ àdúrà yìí di ẹjọ́, wọ́n ń wo ẹni tí ó bí nípa iṣẹ́ abẹ bí ẹni tí kò bímọ, wọ́n sì ń sọ pé ẹni tí kò jẹ ìrora kò mọ ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí James Young Simpson, dókítà ọmọ Scotland, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kilorofọ́ọ̀mù dín ìrora ìrọbí kù ní ọdún 1847, àwọn kan ní ó ń bá Ọlọ́run jà. Ó dá wọn lóhùn láti inú Jẹ́nẹ́sísì pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mú oorun ńlá kun Ádámù kí ó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Ní ọdún 1853, Ọbabìnrin Fikitóríà gba kilorofọ́ọ̀mù nígbà tí ó ń bí ọmọ rẹ̀ Leopold, ẹnu àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ mọ ìtàn Maryam nínú Súrà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìrọbí le mọ́ ọn lábẹ́ igi dàbínù, Ọlọ́run pèsè omi àti èso fún un, ó sì ní kí ó jẹ, kí ó mu, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò fi í sílẹ̀ nínú ìrora. Ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ kí ọmọ lè yè, ó ti kúnlẹ̀. A ń kí i kú ewu ọmọ, kì í ṣe ẹnu lásán ni a fi ń kí i.

6. OÒGÙN YÌÍ Ń FẸ́ ÌṢỌ́

A kò ní tan yín jẹ. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Mọ́fíìnì inú ẹ̀yìn ń mú ara yún ọ̀pọ̀ obìnrin, pàápàá ojú àti imú. Ó lè fa èébì. Ó lè jẹ́ kí ìtọ̀ ṣòro tọ̀, ìdí nìyí tí rọ́bà ìtọ̀ fi máa ń wà lára ìyá fún ìgbà díẹ̀. Ìwọ̀nyí kì í pa ènìyàn, wọ́n sì ní oògùn. Ẹ kàn sọ fún nọ́ọ̀sì.

Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ó lè mú kí èémí ìyá lọ sílẹ̀. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè di wákàtí mélòó kan, títí dé òru, kí ó tó dé. Nítorí náà, fún odindi ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa wá ka èémí rẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá ó rọrùn láti jí. Oògùn tí ń tú u ká, naloxone, gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí ó bá sun ìyá ọmọ, kí òun náà má sùn. Bí oorun ìyá bá wúwo tí kò fẹ́ jí, tí èémí rẹ̀ bá ń falẹ̀, tí kò tó mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, kí a pariwo pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní tramadol inú àpò, oògùn oorun, tàbí agbo tí dókítà kò mọ̀ sí.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn pàápàá kò yẹ gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ púpọ̀, ẹni tí ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gún ní kókó tàbí egbò, dókítà lè ní kí wọ́n kun ún lóorun. Ẹ má bá a jà.

7. BÍ KÒ BÁ SÍ MỌ́FÍÌNÌ ŃKỌ́?

Mọ́fíìnì wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 1977 tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde. Ṣùgbọ́n àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1961 fi í sábẹ́ ìṣọ́, ìjọba ni ó sì ń darí bí ó ṣe ń wọlé. Èyí tí ń wọ inú ẹ̀yìn tún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní oògùn ìpamọ́ nínú. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ sọ ní ọdún 2017 pé irú oògùn ìrora yìí tí ń dé ọwọ́ àwọn tí ó tọ́ sí ní Nàìjíríà kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó yẹ. Ní ibòmíràn ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó ń pa wọ́n. Níhìn-ín ẹni tí ó nílò rẹ̀ kò rí i.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kò sí, ọ̀ràn kò tíì parí. Oníṣègùn lè fi oògùn tí ń mú ara kú sí ojú ọgbẹ́ tàbí sí awọ ikùn kí ìyá tó kúrò nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n fún un ní parasitamọ́ọ̀lù àti diclofenac bí aago ti ń lù, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí yóò ké. Iná tí a rí lójú èéfín rọrùn pa ju èyí tí ó ti gba òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sọ kí wọ́n tó fún un ní diclofenac. Bí ó bá sì dé ilé, kí ìyá àgbà má fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀.

8. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A BÉÈRÈ

Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ọjọ́ ìbí tó dé, kí tọkọtaya bi ilé-ìwòsàn ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Bí ó bá di iṣẹ́ abẹ, ṣé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni ẹ ó lò?
2. Ṣé ẹ ní mọ́fíìnì tàbí fentanyl tí ẹ lè fi sí i?
3. Ta ni yóò máa ṣọ́ èémí ìyá ní òru àkọ́kọ́?
4. Ṣé naloxone wà nílé?
5. Oògùn ìrora wo ni yóò tẹ̀ lé e, ní wákàtí wo, èló sì ni?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ẹ ń yájú. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, ní abala 23, sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú tí ó wà, èrè rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye rẹ̀ fún aláìsàn, àti pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tí ó gbọ́, bí ìwé tí ó kà ti mọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ẹ ní kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ní ti owó, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde pé àwọn aláìní tí iṣẹ́ abẹ ìbímọ bá di dandan fún yóò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni tí ó bá tọ́ sí lọ béèrè ní ilé-ìwòsàn ìjọba, kí ó sì béèrè bóyá oògùn ìrora wà nínú ọ̀fẹ́ náà.

9. Ẹ̀BẸ̀ WA SÍ ẸGBẸ́

Alága, owó tí a ń kó jọ lónìí, a mọ̀ pé gbọ̀ngàn ìpàdé ni a fẹ́ fi kọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ kí a máa pè é ní owó abiyamọ, kí ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ abẹ bá kàn má jẹ ìrora nítorí owó oògùn tí kò tó ti ṣíṣán aṣọ ẹgbẹ́. Èkejì, kí àwọn nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ wa máa kó àwọn aboyún jọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n bá wọn sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá. Ẹ̀kẹta, kí àwa obìnrin pín ara wa ní méjì méjì, kí a máa sun ìyá ọmọ tí kò ní ẹbí nítòsí ní òru àkọ́kọ́. Ìyẹn kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ni, ẹ tètè fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìrora. Ẹ má sọ pé ìyá yín bí mẹ́jọ láìsí abẹ́rẹ́. Ẹ bi ìyá yín léèrè dáradára bóyá ó wù ú bẹ́ẹ̀.

Àwa ọlọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ tiwa. Lísìtì èyíkéyìí tí aboyún bá mú wá sí ìsọ̀ wa, a ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: ẹ béèrè oògùn ìrora ìyá. Ọ̀fẹ́ ni a fi ń kọ ọ́.

 Ọlọ́run yóò bù kún àpò tí owó ti jáde lónìí. Àwọn aboyún wa yóò sọ̀ láyọ̀, tibi tire, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.